Track 01, Unknown Artist: Bí Ẹ Ó Ṣe Fún Orin Bàbá Yín Lórúkọ Tó Tọ́

Ìbéèrè tó wọlé: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Bàbá mi ti ṣaláìsí, wọ́n sì fi àwo LP àti kásẹ́ẹ̀tì tó kún yàrá kan sílẹ̀. A gbé e fún ẹnìkan, ó bá wa dà á sínú kọ̀ǹpútà. Ní báyìí, fáìlì tó lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ló wà nínú hard disk, yàtọ̀ sí èyí tí èmi fúnra mi ti dáńlóòdù. Ìdajì wọn ló ń jẹ́ Track 01, Unknown Artist. Lórí fóònù mi, King Sunny Adé nìkan ti di olórin mẹ́fà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Àwọn mìíràn, àdírẹ́sì wẹ́ẹ̀bù gàdàgbà ló wà níbi tó yẹ kí orúkọ àwo wà. Wọ́n ní sọ́fítíwíà kan wà tó lè tún gbogbo rẹ̀ ṣe láàárín òru kan. Ṣé òótọ́ ni? Níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?"

Kí Ọlọ́run tẹ́ Bàbá sí afẹ́fẹ́ rere, kó sì dá ohun tí wọ́n fi sílẹ̀ sí. Sọ́fítíwíà tí wọ́n júwe fún yín wà lóòótọ́. Picard ni wọ́n ń pè é, ọ̀fẹ́ ni, èmi náà ń lò ó. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì tẹ bọ́tìnì kankan. Tó bá jẹ́ pé jùjú, àpàlà, sákárà àti fújì àtijọ́ ló pọ̀ nínú ohun tí Bàbá kó jọ, ìwọ̀nba ni Picard mọ̀ níbẹ̀. Èyí tí kò mọ̀, ó lè fi orúkọ ẹlòmíràn pè é. Orúkọ àṣìṣe sì burú ju "Track 01" lọ. "Track 01" ń jẹ́wọ́ pé òun ò mọ nǹkan kan. Orúkọ àṣìṣe á jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú ìgboyà, ọmọ yín á sì gbà á gbọ́ ní ogún ọdún sí i. Ohun tó mọ orin wọ̀nyẹn dáadáa ni páálí àwo tó wà nínú yàrá. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tà á, tàbí kó dà á nù, torí pé "ó ti wà nínú kọ̀ǹpútà".

Kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ rárá, ẹ da gbogbo ohun tó wà nínú hard disk yẹn sórí òmíràn, kí ẹ sì gbé ti àkọ́kọ́ lọ sílé ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò yín kan. Ẹ̀dà ni kí ẹ máa fọwọ́ kàn. Tó bá jẹ́ Nàìjíríà lẹ ti ń ṣe é, laptop tí bátìrì rẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́ ni kẹ́ ẹ lò, kì í ṣe kọ̀ǹpútà orí tábìlì tí kò ní UPS. Bí iná bá lọ nígbà tí kọ̀ǹpútà ń kọ nǹkan sínú 200 fáìlì lẹ́ẹ̀kan, èyí tó wà lẹ́nu rẹ̀ lásìkò náà lè bàjẹ́ pátápátá.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ ibi tí orúkọ orin ń gbé. Orúkọ tí ẹ ń rí lábẹ́ fáìlì nínú fódà yàtọ̀ sí orúkọ tí wọ́n kọ sínú fáìlì náà. Ti inú yẹn là ń pè ní táàgì, òun sì ni fóònù, rédíò mọ́tò àti tẹlifíṣọ̀n ń kà. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi lè máa yí orúkọ fáìlì padà títí ilẹ̀ á fi ṣú, kí fóònù ṣì máa pè é ní Unknown Artist.

Táàgì MP3 ni wọ́n ń pè ní ID3. Èyí àkọ́kọ́ nínú rẹ̀, tó jáde ní 1996, báìtì 128 péré ni, ìdí fáìlì ló sì ń wà: àyè lẹ́tà 30 fún orúkọ orin, 30 fún olórin, 30 fún àwo. Ẹ ka "King Sunny Ade And His African Beats" tòun ti àlàfo àárín ọ̀rọ̀, ẹ ó rí i pé 36 ni. Bí wọ́n bá gé e sí 30, ó di "King Sunny Ade And His African". Ó dá mi lójú dé àyè kan pé ẹni yẹn wà lára àwọn mẹ́fà tí ẹ rí. Irú orin ńkọ́? Nọ́ńbà ni ID3 àkọ́kọ́ fi ń kọ ìyẹn, láti inú àkójọ kan tí kò sí jùjú, tí kò sí fújì, tí kò sí àpàlà níbẹ̀. 0 nínú àkójọ náà ni Blues. Nítorí náà, sọ́fítíwíà tí kò mọ irú orin tí fáìlì jẹ́, tó wá kọ 0 síbẹ̀, Blues ló sọ ọ́ dà. Bí Haruna Ìshọ̀lá ṣe di olórin Blues lórí fóònù ọ̀pọ̀ èèyàn nìyẹn.

Ẹ lọ dáńlóòdù Mp3tag, sọ́fítíwíà tí a fi ń kọ táàgì, ọ̀fẹ́ ni lórí Windows. (Tó bá jẹ́ Linux tàbí Mac lẹ ní, Kid3 ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà, ọ̀fẹ́ sì ni.) Nínú Options, ní abala Tags, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ Mpeg sí. Ẹ yàn pé kó máa kọ ID3v2.3 UTF-16, kí ẹ sì yọ àmì tó ní kó máa kọ ID3v1. ID3v2.4 ló dé kẹ́yìn lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọn rédíò mọ́tò àtijọ́ kan kì í fẹ́ kà á. Nípa báyìí, kò sí ẹni tí yóò tún gé orúkọ yín sí 30 mọ́, àyè á sì wà fún ẹ, ọ, ṣ àti àmì ohùn.

Ẹ tún bi ẹni tó bá yín da àwo sí kọ̀ǹpútà pé kí ló fi ṣe é. Tó bá jẹ́ WAV ló kó fún yín, ẹ sọ ọ́ di FLAC kí ẹ tó kọ táàgì kankan. WAV ń gba nǹkan bíi 10 MB fún ìṣẹ́jú kan, táàgì kì í sì dúró dáadáa nínú rẹ̀. Ohun tí sọ́fítíwíà kan kọ síbẹ̀, òmíràn lè má rí i. FLAC á dín ìwọ̀n rẹ̀ kù gan-an láìjẹ́ pé ohùn kankan sọnù, táàgì rẹ̀ kò sì ní ìdíwọ̀n lẹ́tà. Tó bá jẹ́ MP3 nìkan ló kó fún yín, ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Sísọ MP3 di FLAC kò lè dá ohun tó ti lọ padà. Àyè lásán ló ń gbà.

Ó kan òfin orúkọ. Ẹ mú bébà àti bírò. Kí ẹ tó kọ táàgì kan ṣoṣo, ẹ kọ orúkọ gbogbo olórin tó wà nínú yàrá yẹn sílẹ̀, orúkọ kan fún ẹnì kan, bí ẹ ó ṣe máa kọ ọ́ títí ayé. Bí ẹ bá fo èyí, ẹ máa tún gbogbo rẹ̀ ṣe lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn olórin wa kì í jókòó sórí orúkọ kan. Ebenezer Obey bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú International Brothers, ó di Inter-Reformers. I.K. Dairo ní Morning Star Orchestra kó tó ní Blue Spots. Sunny Adé ní Green Spots kó tó di African Beats. Orlando Owoh ti Omimah wá sí Young Kenneries, ó bọ́ sí African Kenneries. Fẹlá jẹ́ Ransome-Kuti lórí àwo kan, ó jẹ́ Aníkúlápó-Kuti lórí òmíràn. Ká má tíì wá sọ Chief, Alhaji, Dr., King àti Evangelist tó ń wá síwájú orúkọ bí ọdún ṣe ń gorí ọdún.

Ohun tí kì í jẹ́ kí n dààmú ni pé àyè méjì wà nínú táàgì fún olórin, iṣẹ́ wọn sì yàtọ̀. Artist wà, Album Artist sì wà. Nínú Artist, ẹ kọ ohun tí páálí sọ, tòun ti oyè àti orúkọ ẹgbẹ́: "Ebenezer Obey & His International Brothers". Nínú Album Artist, ẹ kọ orúkọ orí bébà yín nìkan: "Ebenezer Obey". Lẹ́yìn náà, ẹ sọ fún ẹ̀rọ tó ń kọ orin lórí fóònù yín pé Album Artist ni kó fi to àwọn olórin. Ìtàn ẹgbẹ́ kò sọnù, olórin sì jẹ́ ẹnì kan. Album Artist yìí náà ló ń tọ́jú orin tí olórin pe ẹlòmíràn sí. Bí "ft." bá wọnú Artist lórí orin kan nínú àwo, tí Album Artist sì ṣófo, fóònù á ya orin náà sọ́tọ̀, àwo kan á di méjì.

Ní ti fújì, ẹ la ojú yín sílẹ̀. Wasiu Àyìndé tí gbogbo ayé ń pè ní K1 lónìí, Wasiu Àyìndé Barrister ló ń jẹ́ lórí àwọn àwo rẹ̀ àkọ́kọ́. Síkírù Àyìndé Barrister, ọ̀gá rẹ̀, wà lọ́tọ̀. Ẹni tó bá ń ta orin nínú memory card á kọ "Ayinde Barrister" sí méjèèjì, á tà á fún yín, kò kàn án. Etí yín ni ẹ máa lò níbẹ̀, tàbí etí ẹ̀gbọ́n kan tó lọ òde fújì dáadáa.

Àwọn onísákárà àti alápàlà kan kì í sì sábà fún àwo lórúkọ, Vol. ni wọ́n máa ń kọ sí i. Yusuf Ọlátúnjí àti Àyìnlá Ọmọwúrà wà lára wọn. Ẹ fi nọ́ńbà méjì kọ ọ́, "Vol. 03" kì í ṣe "Vol. 3", àìjẹ́bẹ́ẹ̀ Vol. 10 á máa jókòó síwájú Vol. 2. Ilé-iṣẹ́ àwo kan sì lè bẹ̀rẹ̀ òǹkà tirẹ̀ láti 1 nígbà tí olórin bá ti ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn wá, nítorí náà, ẹ má fi Vol. nìkan dá àwo mọ̀. Nọ́ńbà kátálọ́ọ̀gì ló ń dá a mọ̀, èyí tí wọ́n tẹ̀ sí etí páálí àti sí bébà róbótó àárín àwo. Àwo Decca ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà máa ń ní WAPS tàbí DWAPS níwájú nọ́ńbà rẹ̀. Ti ilé-iṣẹ́ Sunny Adé fúnra rẹ̀, Sunny Alade Records, SALPS ni. Bí bébà àárín bá ti ya, tí páálí sì ti bá òjò lọ, ẹ gbé àwo sábẹ́ iná kí ẹ wo ibi dídán tó yí bébà náà ká, níbi tí abẹ́rẹ́ ń parí sí. Wọ́n sábà máa ń họ nọ́ńbà síbẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sínú àyè Catalog Number, kí ẹ kọ orúkọ ilé-iṣẹ́ sínú Label tàbí Publisher. Ẹ kò ní í lò ó lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n òun ni yóò dá ẹjọ́ ní ọjọ́ tí àríyànjiyàn bá dé.

Ọdún ló ń fún àwọn èèyàn ní wàhálà jù, òun náà sì ni mo fẹ́ràn jù nínú iṣẹ́ yìí. Púpọ̀ nínú àwo wa kò kọ ọdún sára. Íńtánẹ́ẹ̀tì á sọ fún yín pé 2014 ni àwo jùjú kan jáde, torí pé ọdún yẹn ni ẹnìkan gbé e sórí ibi tí wọ́n ti ń ta orin. Ẹ má gbà á. Ẹ gbé páálí, kí ẹ ka àdírẹ́sì ilé-iṣẹ́ tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Bó bá kọ "Ibadan, Western State", a jẹ́ pé wọ́n tẹ páálí náà láàárín May 1967 àti February 1976, torí inú àlàfo yẹn ni Western State fi wà. Bó bá kọ Oyo State, Ogun State tàbí Ondo State, 3 February 1976 ni wọ́n dá ìpínlẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sílẹ̀, kò lè ṣáájú ìyẹn. Osun State? August 1991 sókè. Ekiti State? October 1996 sókè. Ẹ tún wo bóyá ọlọ́jà fi bírò kọ iye owó sí igun páálí. Tó bá jẹ́ pọ́n-ùn àti ṣílè ni, wọ́n ti tà á kí náírà tó dé ní 1 January 1973.

Orin fúnra rẹ̀ ń jẹ́rìí. Àwọn olórin wa, alápàlà pàápàá, kì í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ìlú kọjá lórí wọn. Orin tó bá ń kọ́ awakọ̀ pé kó máa gba apá ọ̀tún, 2 April 1972 ni ìjọba yí ọ̀nà padà, àyíká ìgbà yẹn ni kẹ́ ẹ fi sí. Èyí tó bá ń fi owó Udoji, àfikún owó oṣù tí ìjọba san fún òṣìṣẹ́, ṣọ̀fọ̀ tàbí ṣayọ̀, kò lè ṣáájú 1974. Èyí tó bá ń dárò Murtala Mohammed, lẹ́yìn 13 February 1976 ni wọ́n kọ ọ́. Èyí tó bá ń kí àlejò FESTAC, 1977 ni wọ́n ṣe àjọ̀dún náà, àyíká ìgbà yẹn ni kẹ́ ẹ fi sí. Bí olórin kan bá sì ń ṣe ìdárò Àyìnlá Ọmọwúrà, lẹ́yìn 6 May 1980 ni. Ẹ so ẹ̀rí orin pọ̀ mọ́ ẹ̀rí páálí, ẹ ó rí i pé àlàfo tó kù kò ju ọdún méjì mẹ́ta lọ.

Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé àdírẹ́sì ń sọ ìgbà tí wọ́n tẹ páálí, kì í sọ ìgbà tí wọ́n gba orin sílẹ̀. Àwo tó bá tà, wọ́n ń tún un tẹ̀. Bí orin bá sọ 1972 tí páálí sì sọ Oyo State, ẹ̀dà kejì ló wà lọ́wọ́ Bàbá. Èmi a máa fi ọdún tí àwo kọ́kọ́ jáde sínú Year, torí òun ni mo fẹ́ kí fóònù fi tò ó, màá sì kọ ọ̀rọ̀ ẹ̀dà kejì sínú Comment. Àwọn mìíràn ń fi ọdún ẹ̀dà tó wà lọ́wọ́ wọn sí Year, kí wọ́n sì fi ti àkọ́kọ́ sí Original Year. Kò burú, tí wọ́n bá ṣe é bákan náà dé òpin. Níbi tí ẹ̀rí kò bá ti tó, ẹ fi Year sílẹ̀ lófìfo, kí ẹ kọ "1972 sí 1975, nípa páálí" sínú Comment. Ẹni tó bá fi 1970 dí gbogbo àlàfo, irọ́ ló ń kọ.

Ẹ ó wá bá ìṣòro ojú àwo pàdé. LP jùjú àti fújì, ojú kan lè jẹ́ orin kan ṣoṣo tó ń lọ fún ìṣẹ́jú méjìdínlógún, tí páálí sì kọ orúkọ mẹ́rin sí i, torí olórin ń ti inú ọ̀kan bọ́ sí èkejì láìdúró. Ṣé kí ẹ gé e? Èrò tèmi ni pé kí ẹ má gé e. Olórin ò dúró níbẹ̀, ìlù ò dúró. Bí ẹ bá gé e, ẹ ó gbọ́ ibi tí ọ̀bẹ gbà. Ẹ fi í sílẹ̀ ní fáìlì kan, kí ẹ kọ gbogbo orúkọ sínú Title pẹ̀lú ìlà dídàgẹ̀rẹ̀ (/) láàárín wọn. Bẹ́ẹ̀ ni páálí Juju Music, tí Island gbé jáde fún King Sunny Adé ní 1982, ṣe kọ "365 Is My Number/The Message". Ẹ kọ ìṣẹ́jú tí orin kọ̀ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ sínú Comment: "0:00, 4:40, 9:15". Kí Track jẹ́ 1 fún ojú kìíní àti 2 fún ojú kejì. Ẹ má kọ A tàbí B sínú àyè nọ́ńbà, ẹ̀rọ púpọ̀ kò mọ̀ ọ́n kà.

Ọ̀rọ̀ àmì ń bọ̀, ẹ fara balẹ̀ síbẹ̀. Ẹ lè ṣí fóònù yín kí ẹ rí Ọmọwúrà méjì, lẹ́tà sí lẹ́tà, àmì sí àmì, kí ojú yín má rí ìyàtọ̀ kankan. Kọ̀ǹpútà ń rí i. Kíbọ́ọ̀dù kan ń tẹ ọ bíi lẹ́tà kan tó dá dúró. Òmíràn ń tẹ o, á wá fi àmì ìdí lé e lẹ́yìn. Ẹ̀kẹta ń fi ìlà kékeré síbẹ̀ dípò àmì róbótó. Lójú wa, ọ̀kan náà ni wọ́n. Lójú ẹ̀rọ, olórin mẹ́ta ni. Ọ̀nà tó rọrùn jù ni kí ẹ má tẹ orúkọ olórin lẹ́ẹ̀mejì láyé yín. Ẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan sínú fáìlì ọ̀rọ̀ kan tí ẹ pè ní Orúkọ, kí ẹ máa dà á kọ láti ibẹ̀. Nínú Mp3tag, ẹ lè mú 300 fáìlì lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ lẹ orúkọ kan mọ́ Album Artist gbogbo wọn, kí ẹ fi wọ́n pamọ́. Gbogbo ìbejì á pòórá.

Ṣé kí ẹ tilẹ̀ fi àmì ohùn sí i? Páálí ìgbà náà kì í sábà ní in. Nínú Album Artist, èmi kì í fi àmì sí i, torí orúkọ tí ayé fi ń wá olórin lórí íńtánẹ́ẹ̀tì nìyẹn, ó sì rọrùn láti tẹ̀ nígbà tí mo bá ń wá a lórí fóònù. Nínú Title, mo ń fi gbogbo rẹ̀ sí i nígbà tí ọ̀rọ̀ bá dá mi lójú. Tí kò bá dá mi lójú, mo ń kọ ọ́ bí páálí ṣe kọ ọ́, n kì í fi àmì kan síbí kí n fi ọ̀kan sílẹ̀ lọ́hùn-ún. Ẹ lè yàn lọ́nà mìíràn. Ohun tó ń ba nǹkan jẹ́ ni kí àwo kan ní in, kí èkejì má ní in.

Nígbà tí ẹ bá ti fi ọwọ́ ṣe àwo tó ní páálí, ẹ lè wá ṣí Picard fún èyí tó kù. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ rèé: ó ń tẹ́tí sí nǹkan bíi ìṣẹ́jú méjì àkọ́kọ́ nínú fáìlì, á ya àwòrán ohùn rẹ̀, á sì fi wé àwọn tó wà nínú AcoustID, àkójọ àwòrán ohùn lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kó tó lọ mú orúkọ wá láti MusicBrainz, àkójọ orúkọ orin tí àwọn èèyàn bíi tiwa ń kọ nǹkan sí. Ìṣẹ́jú méjì yẹn ni ẹ máa fi lóye àṣìṣe rẹ̀. Bí ẹ̀rọ tó kọ àwo yín bá sáré díẹ̀ ju bó ti yẹ lọ, àwòrán ohùn yàtọ̀, kò ní í mọ̀ ọ́n. Bí ojú àwo yín bá jẹ́ fáìlì kan, tí ẹni tó kọ́kọ́ kọ ọ́ sórí MusicBrainz sì gé e sí mẹ́rin, ó ṣeé ṣe kó má mọ̀ ọ́n rárá, torí ó ń wo gígùn fáìlì pẹ̀lú. Bí orin bá sì wà nínú àkójọ "Best of" mẹ́jọ, ó lè kó àwo LP kan ṣoṣo pín sínú àkójọ mẹ́jọ wọ̀nyẹn. Ní ti àwọn orin Amẹ́ríkà àti Gẹ̀ẹ́sì tí Bàbá ní, àti Afrobeats òde òní, ó máa ń gbà á lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹ máa wò ó kí ẹ tó tẹ Save, ní àwo kọ̀ọ̀kan. Ẹ má mú gbogbo hard disk lẹ́ẹ̀kan.

Discogs, ojúlé íńtánẹ́ẹ̀tì tí àwọn olùkójọ àwo ń kọ àwo wọn sí, ni mo ń lò jù fún orin wa, nítorí àwòrán bébà àárín àwo tí wọ́n ń gbé síbẹ̀. Ẹ fi nọ́ńbà kátálọ́ọ̀gì wá a, ẹ má fi orúkọ olórin. Fọ́tò lẹ máa gbà gbọ́. Bí ohun tí wọ́n tẹ̀ sábẹ́ fọ́tò bá tako fọ́tò, fọ́tò ló jàre.

Àwọn tí àdírẹ́sì wẹ́ẹ̀bù ti gba inú wọn, ẹ̀ṣẹ̀ àwọn tó ń pín orin lọ́fẹ̀ẹ́ ni, wọ́n ń lu òǹtẹ̀ tiwọn lé iṣẹ́ olórin. Wọ́n ń kọ ọ́ sínú Title, Album, Comment, Composer pàápàá, wọ́n á sì tún lẹ àmì wọn mọ́ àwòrán. Nínú Mp3tag, ẹ mú gbogbo wọn, kí ẹ lo Action tó ń pààrọ̀ ọ̀rọ̀: ẹ fi àdírẹ́sì náà sí ibi ohun tí ẹ ń wá, kí ẹ fi ibi àrọ́pò sílẹ̀ lófìfo. Composer ẹ lè pa rẹ́ pátápátá nínú wọn, ó ṣọ̀wọ́n kí òótọ́ wà níbẹ̀. Bí orúkọ fáìlì bá dára tí táàgì sì ṣófo, Convert á kó o wọlé fún yín. Bí fáìlì bá ń jẹ́ "03 - Orúkọ Orin", ẹ kọ `%track% - %title%` fún un.

Kásẹ́ẹ̀tì òde àríyá lọ́rọ̀ tirẹ̀ lọ́tọ̀. Kò sí ibi tí ẹ ó ti rí i, kò sí lórí Discogs, Picard ò gbọ́ ọ rí. Ohun tó mọ̀ nípa ara rẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ tí bírò kọ sára rẹ̀, àti nínú ẹnu olórin. Ẹ fi ọjọ́ bẹ̀rẹ̀ Album, ọdún síwájú: "1984-12-26 Òde ìsìnkú, Ìjẹ̀bú-Igbó". Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n á fi tò tẹ̀léra fúnra wọn. Lẹ́yìn náà, ẹ jókòó tì í. Gbogbo ẹni tí olórin bá kì, gbogbo ẹni tó dárúkọ pé ó ná owó fún òun, orúkọ ẹgbẹ́ tó wọ aṣọ ẹbí, ẹ kọ wọ́n sínú Comment. Inú ìdílé yín ni irú nǹkan yìí ti níyì jù: ó ṣeé ṣe kí wọ́n ki Bàbá gan-an níbẹ̀, kí ẹ kàn tẹ orúkọ wọn lórí kọ̀ǹpútà, kí gbogbo kásẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ti kì wọ́n jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Èyí tí ẹ kò bá mọ olórin rẹ̀, ẹ gé ìṣẹ́jú kan nínú rẹ̀ ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀rẹ́ Bàbá lórí WhatsApp. Kí ẹ tètè ṣe ìyẹn ṣáájú ohun tó kù, wọn kì í ṣe ọmọdé mọ́.

Àwòrán páálí: ẹ fi fóònù yà á níta, lábẹ́ òjìji, iwájú àti ẹ̀yìn àti bébà àárín ní ojú méjèèjì. Iwájú nìkan ni kí ẹ fi sínú fáìlì, kó má ju 1000 píksẹ́ẹ̀lì lọ ní ìbú. Fọ́tò 5 MB tí ẹ bá fi sínú fáìlì 3,000, 15 GB ni ẹ fi ṣòfò láìgbọ́ orin kan. Àwọn tó kù, ẹ fi wọ́n sínú fódà àwo náà.

Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, ẹ jẹ́ kí táàgì sọ orúkọ fáìlì àti fódà fúnra rẹ̀. Convert náà ló ń ṣe é, láti Tag sí Filename. Ohun tí mo ń kọ síbẹ̀ nìyí: `%albumartist%\%year% - %album%\$num(%track%,2) - %title%`. Ìlà dídàgẹ̀rẹ̀ tó wà nínú Title kò lè wọ orúkọ fáìlì, Mp3tag á bójú tó ìyẹn. Nínú táàgì ó wà bó ti yẹ.

Ní ti pé kó parí ní òru kan, rárá o. Ẹ mú àwo mẹ́wàá tí Bàbá ń gbọ́ jù, kí ẹ ṣe wọ́n tán pátá, kí ẹ gbé wọn sórí fóònù, kí ẹ lò wọ́n fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ibi tí òfin yín kò dára ti máa hàn níbẹ̀, kí ó tó wọ àwo ọgọ́rùn-ún. Tí ẹ bá wá bá àwo kan pàdé tí nọ́ńbà rẹ̀ kò sí lórí Discogs tàbí MusicBrainz, ẹ ti ní fọ́tò rẹ̀, ẹ ti kọ orúkọ gbogbo orin rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ ṣí àkáǹtì, ọ̀fẹ́ ni, kí ẹ fi síbẹ̀, kí ẹlòmíràn tí bàbá tirẹ̀ náà ní irú àwo yẹn lè rí i.